Ìdíje Kóòdù Kíkọ: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Léraléra

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó lọ́jú pọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ẹ fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìdíje kóòdù kíkọ?

Wọ́n á gbé ìṣòro kan fún yín, ẹ ó kọ kóòdù tó yanjú rẹ̀, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ adájọ́. Ẹ̀rọ yìí ti kó àyẹ̀wò pa mọ́, wọ́n sì lè lé ní ọgọ́rùn-ún lórí ìṣòro kan ṣoṣo. Yóò máa fi wọ́n dán kóòdù yín wò níkọ̀ọ̀kan: ṣé èsì rẹ̀ tọ̀nà, ṣé ó parí láàárín àkókò tí wọ́n dá, ṣé kò gba ààyè jù nínú mẹ́mórì. Bí kóòdù náà ṣe rẹwà tó kò kàn án.

Ti àwọn ọmọ girama ni IOI (International Olympiad in Informatics), tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Pravetz ní Bulgaria lọ́dún 1989. Kálukú ló ń dá jókòó níbẹ̀, ojútùú tí kò pé sì lè gba máàkì díẹ̀. Ti àwọn ọmọ yunifásítì ni ICPC (International Collegiate Programming Contest): ẹni mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, wákàtí márùn-ún. Ìlú Luxor ní Íjíbítì ni wọ́n ti ṣe àṣekágbá 46 àti 47 rẹ̀ pa pọ̀ ní April 2024. Ẹni tí kò sí nínú ìkankan lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Codeforces tàbí AtCoder, ojú òpó ìdíje orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ẹni tí kò mọ ìṣirò dáadáa lè ṣe é?

Ó lè bẹ̀rẹ̀, ó sì lè rìn jìnnà. Ohun tí ẹ máa lò jù níbẹ̀rẹ̀ ni àṣẹ́kù, ìpín, àti sùúrù láti ro ọ̀rọ̀ dé ìdí. Ẹ wo ìṣòro 4A lórí Codeforces, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàrà olómi kan wúwo kílò w, w wà láàárín 1 sí 100. Ọ̀rẹ́ méjì fẹ́ gé e sí méjì, kí 2 lè pín ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan láìsí àṣẹ́kù. Kò pọn dandan kí apá méjèèjì dọ́gba. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Kíá ni ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé tí 2 bá ti pín w, YES ni. Bàrà kílò 2 ló máa mú un: kílò 1 àti kílò 1 nìkan ló lè dà. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò ju ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dán nọ́ńbà kékeré wò kó tó fi ránṣẹ́ ló ń rí i.

Èdè wo ni kí n fi kọ ọ́?

C++, bí ẹ kò bá tíì ní èdè tí ẹ fẹ́ràn. Ó yára, ohun èlò bíi sort, set àti map sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ios::sync_with_stdio(false) àti cin.tie(nullptr) sí ìbẹ̀rẹ̀ kí kíkà àti títẹ̀ lè yára, kí ẹ sì máa lo '\n' dípò endl, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá pe endl ni yóò máa dúró da ohun tó ti tẹ̀ jáde. Lórí ìlà 200,000, ìyẹn nìkan lè pa kóòdù tó tọ̀nà.

Python náà dára, àmọ́ ẹ yan PyPy, irú Python tó yára jù, nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi sys.stdin ka ohun tí wọ́n fún yín. Java kò ní wàhálà púpọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí èèyàn máa yí èdè padà ní gbogbo ìgbà tí ìṣòro bá le. Èdè kọ́ ló dì í lọ́wọ́.

"Wrong answer on test 2": kí ni ẹ̀rọ náà ń sọ?

Ó ń sọ pé kóòdù yín kọjá àyẹ̀wò kìíní, èkejì ló gbé e ṣubú. Time limit exceeded ni pé àkókò tán kó tó parí, kò sì túmọ̀ sí pé èsì rẹ̀ ì bá tọ̀nà ká ní wọ́n fún un láàyè sí i. Runtime error ni pé ó kú sójú ọ̀nà: bóyá ẹ nawọ́ kọjá ìparí array (ààyè tí a to nọ́ńbà sí léraléra), bóyá ẹ fi òdo pín nǹkan. Memory limit exceeded sábà máa ń jẹ́ ti array tó tóbi jù. Array int (nọ́ńbà odidi) 10,000 lọ́nà 10,000 ń jẹ 400 MB, bẹ́ẹ̀ 256 MB ni wọ́n sábà máa ń fún yín.

Tó bá jẹ́ Compilation error, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kò lóye kóòdù yín rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Python lẹ yàn fún kóòdù C++. Ẹ máa rẹ́rìn-ín títí ó fi máa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kóòdù mi ṣiṣẹ́ lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa, àmọ́ ó kùnà nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Kí ló dé?

Àpẹẹrẹ wà kí ẹ lè lóye ìṣòro náà. Kò sí fún ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan láti CSES, àkójọ ìṣòro tó wá láti Finland. Wọ́n fún yín ní gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé n, àmọ́ wọ́n yọ ẹyọ kan. Ẹ wá èyí tó sọnù. n lè tó 200,000. Nínú àpẹẹrẹ, n jẹ́ 5, nọ́ńbà tó kù jẹ́ 2, 3, 1, 5. Ẹ ó ṣírò n × (n + 1) ÷ 2, ó jẹ́ 15. Ẹ ó yọ àpapọ̀ àwọn tó kù, 11. Ó ku 4. Ó tọ̀nà.

Ẹ fi int kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́, ó kùnà. int inú C++ kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Tí n bá jẹ́ 200,000, àpapọ̀ yẹn jẹ́ 20,000,100,000. Kódà, láti orí n = 46,341 ni n × (n + 1) ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹ tó fi 2 pín in. Ẹ lo long long, tó lè gbà ju 9 × 10^18 lọ. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fún yín lè kéré, àmọ́ àpapọ̀ wọn àti ìsọdipúpọ̀ wọn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Àwọn ohun mìíràn tó ń fa irú èyí: n = 1; gbogbo nọ́ńbà tó jọra; nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. Lórí Codeforces, wọ́n tún máa ń kó ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ìyẹn ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sínú àyẹ̀wò kan, tí array tí ẹ lò fún ẹjọ́ kìíní á ṣì ní ìdọ̀tí nínú nígbà tí ẹ bá dé èkejì. Ẹ nù ún, àmọ́ ìba tí ẹjọ́ yẹn lò nìkan ni kí ẹ nù. Ẹni tó bá ń nu ààyè 200,000 fún ẹjọ́ 10,000 ti ṣe ìgbésẹ̀ 2,000,000,000 lórí ìnù nìkan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kóòdù mi máa yára tó, kí n tó kọ ọ́?

Ẹ wo ìlà tí wọ́n ti sọ bí n ṣe lè tóbi tó. Èmi máa ń kà á kí n tó ka ìtàn tó wà lókè rẹ̀, torí pé ìlà yẹn ló ń tú àṣírí ojútùú. Ní C++, ẹ fojú bù ú pé ìgbésẹ̀ kékeré 100,000,000 ló wọ inú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fún yín ní nọ́ńbà 200,000, wọ́n ní ṣé méjì wà nínú wọn tí àpapọ̀ wọn jẹ́ x. Loop (àṣetúnṣe) nínú loop, tí ẹ ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gbogbo ìyókù wò, á ṣe bíi ìgbésẹ̀ 40,000,000,000. Irínwó ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ́kọ́ to àwọn nọ́ńbà náà láti kékeré dé ńlá, ìgbésẹ̀ bíi 3,600,000 nìyẹn máa gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan sórí èyí tó kéré jù, ẹ fi ìkejì sórí èyí tó tóbi jù. Bí àpapọ̀ bá ju x lọ, ẹ fa ìka ọ̀tún sẹ́yìn. Bí kò bá tó, ẹ sún ti òsì síwájú. Ìka méjèèjì kò ní rìn ju 200,000 lọ kí wọ́n tó pàdé.

Tí n bá jẹ́ 20, wọ́n ń sọ fún yín pé ẹ lè gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn fi lè mú tàbí fi sílẹ̀, torí 2^20 kò ju 1,048,576 lọ. Tó bá jẹ́ 500, loop mẹ́ta nínú ara wọn ṣì lè bá a dé. 5,000 gba méjì. Tí ẹ bá rí 10^18, ẹ má ronú loop rárá: ẹ wá fọ́múlà, tàbí ẹ máa dá a sí méjì, torí bíi ọgọ́ta ìgbà péré lẹ máa dá 10^18 sí méjì kó tó ku 1.

Ìgbà wo ló yẹ kí n wo ojútùú?

Nígbà tí èrò tuntun kò bá wá mọ́. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn wà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹni tó wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì mọ ibi tó ti há, nítorí náà ojútùú náà kò ní rí ibi kankan lẹ̀ mọ́ lọ́pọlọ rẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbá ìṣòro kan mú, agídí lásán nìyẹn.

Ẹ ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, ẹ pa á dé, ẹ tún gbìyànjú. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ má da kóòdù wọn kọ. Ẹ ti ojú ìwé náà, kí ẹ kọ ọ́ láti inú orí yín. Tí kò bá ṣeé kọ, kò tíì yé yín nìyẹn.

Rating mi ń já. Ṣé kí n dúró ná?

Rárá. Rating ni nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ẹ ṣe ń ṣe dáadáa tó nínú ìdíje. Lórí Codeforces, ẹni tí kò tó 1200 ni newbie, láti 1200 ni pupil, láti 1400 ni specialist, láti 1600 ni expert. Àwọ̀ orúkọ lásán ni. Ẹni tó bá ń sá fún ìdíje kí nọ́ńbà má bàa já kò ní mọ ibi tó kù sí. Lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹ yanjú ẹyọ kan tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ dúró sí; upsolve ni wọ́n ń pè é, mi ò sì tíì rí ohun tó ń gbé èèyàn sókè jù ú lọ.

Iná àti nẹ́tíwọ̀kì kì í ṣe déédéé lọ́dọ̀ mi. Báwo ni mo ṣe lè kópa?

Aago 3:35 ọ̀sán ní Nàìjíríà àti Benin ni ọ̀pọ̀ ìdíje Codeforces máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò tó bá jẹ́ Togo lẹ wà. Ti AtCoder tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ABC, sábà máa ń jẹ́ aago kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló sì ń gbà. Kò jẹ dátà púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ìṣòro sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ẹ ṣì ní ohun tí ẹ máa rò. Tí Codeforces bá ń falẹ̀ lákòókò ìdíje, ẹ gbìyànjú m1.codeforces.com, m2 tàbí m3: ojú ìwé wọn fúyẹ́ gan-an. Tí iná bá wá lọ pátápátá, ẹ fi virtual participation ṣe ìdíje náà lọ́jọ́ mìíràn. Aago á máa ka bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni, àmọ́ kò ní kan rating yín.

Báwo ni mo ṣe lè béèrè ìrànlọ́wọ́ tí èèyàn á fi dá mi lóhùn?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kóòdù mi kò ṣiṣẹ́," tí wọ́n wá fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tì í. Ẹ̀gbọ́n wo ló máa jókòó tẹ kóòdù inú fọ́tò? Ẹ sọ ìṣòro náà lẹ́nu ara yín ní gbólóhùn méjì. Ẹ sọ ọgbọ́n tí ẹ fẹ́ dá, àti ìdí tí ẹ fi rò pé ó tọ̀nà. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀rọ adájọ́ wí. Tí ẹ bá rí àpẹẹrẹ kékeré tó já yín kulẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kóòdù ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ kò ní tíì kọ ọ́ tán tí ẹ ó ti rí àṣìṣe náà fúnra yín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dáhùn náà, ẹ má sáré ju kóòdù sílẹ̀. Ẹ fún un ní àyẹ̀wò kan tó máa já a kulẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó wá ìdí rẹ̀.

Ṣé a lè jọ sọ ọ́ nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́? AI ńkọ́?

Nínú ìdíje ẹlẹ́nìkan, ẹ kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ títí ó fi parí. Kódà "ìṣòro C le o" ti jẹ́ ìtọ́ka fún ẹlòmíràn. Ní September 2024, Codeforces fi òfin lélẹ̀ lórí AI: ẹ lè fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣòro, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi yanjú rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ibi tí ẹ ti ń dán kóòdù wò. Tí ẹ bá lo ideone láì yọ ọ́ kúrò ní gbangba, ẹlòmíràn lè rí kóòdù yín kó fi ránṣẹ́. Adájọ́ á rí kóòdù méjì tó jọra, ó sì lè fagi lé méjèèjì.

Mo máa ń mú èyí tó dára jù lójú mi ní gbogbo ìgbésẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọgbọ́n yìí, tí wọ́n ń pè ní greedy, tọ̀nà?

Owó náírà kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa tètè rí ewu greedy. Tí ẹ bá fẹ́ fún ẹnì kan ní ₦780 kí iye bébà owó kéré jù, ẹ máa mú èyí tó tóbi jù tó bá wọ̀ ọ́: 500, 200, 50, 20, 10. Márùn-ún ni, kò sì sí ọ̀nà tó dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá jẹ́ ká ní owó ìlú kan jẹ́ 1, 3 àti 4 nìkan, tí ẹ fẹ́ san 6. Greedy á mú 4, 1, 1: mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ 3 àti 3 ti tó: méjì.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín nìyí: tí ẹnì kan bá ní ojútùú tó dára jù, tí kò bá tèmi mu ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé mo lè fi ìgbésẹ̀ tèmi rọ́pò tirẹ̀ láì ba nǹkan jẹ́? Ká ní ayẹyẹ púpọ̀ ń du gbọ̀ngàn kan, ẹ sì fẹ́ gba iye tó pọ̀ jù. Ẹ mú èyí tó máa kọ́kọ́ parí. Ẹni tó mú òmíràn síwájú, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tiyín sí i: tiyín parí ṣáájú rẹ̀ tàbí lákòókò kan náà, kò lè dí èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó tọ̀nà. Tí ẹ kò bá rí ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ wá àpẹẹrẹ bíi 6 yẹn kí ẹ tó fọkàn tán an.

Dynamic programming kò yé mi rárá. Níbo ni kí n ti mú un?

Ọgbọ́n yìí ni kí ẹ yanjú ẹ̀yà kéékèèké ìṣòro, kí ẹ fi èsì wọn pamọ́, kí ẹ sì fi wọ́n yanjú ti ńlá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì èsì. Ẹ parí gbólóhùn yìí: "f(i) ni…" Tí ẹ kò bá lè parí rẹ̀ ketekete, kò sí kóòdù tí ẹ fẹ́ kọ. Ní ti owó 1, 3, 4: f(i) ni iye owó tó kéré jù tí mo lè fi san i. Owó tí mo fi sí i kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 3 tàbí 4, nítorí náà f(i) jẹ́ 1 pẹ̀lú èyí tó kéré jù nínú f(i−1), f(i−3) àti f(i−4).

f(0) jẹ́ 0. f(1) jẹ́ 1, f(2) jẹ́ 2, f(3) jẹ́ 1, f(4) jẹ́ 1, f(5) jẹ́ 2. Tí a bá dé 6, f(5) jẹ́ 2, f(3) jẹ́ 1, f(2) jẹ́ 2. A mú 1, a fi 1 kún un, ó di 2. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sórí bébà báyìí fún ìṣòro mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe.

Èsì tọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà mi, Codeforces ní kò tọ̀nà. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Codeforces. Variable (orúkọ tí ẹ fi ń pa iye mọ́) tí ẹ kò fún ní iye kankan níbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ 0 lọ́dọ̀ yín, kó jẹ́ ìdọ̀tí lọ́dọ̀ wọn. Ohun kejì: Windows ni wọ́n ń lò, níbẹ̀ sì rèé, long lásán kò ju int lọ. Ẹni tó ń lo Linux kì í fura sí i. Ẹ máa kọ long long ní kíkún.

Ẹ̀kẹta ni pow. Nọ́ńbà onídẹ́símà ló ń dá padà, ó sì lè jẹ́ 99.999 ní ibi tí ẹ ti ń retí 100. Int á gé e sí 99. Ẹ fi loop sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra yín.

Test 37 ló ń gbé mi ṣubú, mo sì ti ka kóòdù náà títí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má kà á mọ́. Ẹ kọ kóòdù kejì tó gọ̀ pátápátá, tó ń gbìyànjú gbogbo ọ̀nà, tó lọ́ra, àmọ́ tí kò lè ṣì í. Ẹ kọ ẹ̀kẹta tó ń ṣe àyẹ̀wò kéékèèké láìlétò: n láti 1 dé 6, nọ́ńbà láti 1 dé 5. Ẹ wá jẹ́ kí àwọn méjì àkọ́kọ́ máa dáhùn àyẹ̀wò kan náà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kó dúró níbi tí èsì wọn bá ti yàtọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ máa ní lọ́wọ́, ẹ sì lè fi ìka tọ kóòdù yín lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe lo nọ́ńbà ńlá. Àwọn nọ́ńbà tó jọra àti àwọn tó wà ní etí ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí, nọ́ńbà ńlá láìlétò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn pàdé.

Mo lo unordered_map, ó yára lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì fi Time limit exceeded lù mí lẹ́yìn ìdíje. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Wọ́n hack yín ni. Lórí Codeforces, ẹlòmíràn lè ka kóòdù yín kó sì ṣe àyẹ̀wò tó máa já a kulẹ̀, nínú Div. 3, ìdíje àwọn tí rating wọn kò tíì ga, wákàtí méjìlá gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é lẹ́yìn ìdíje. unordered_map ń pín nọ́ńbà sínú àwọn àpótí nípa àṣẹ́kù, gbogbo ayé ló sì mọ iye àpótí tó máa ń ní. Tí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà tí 107897 tàbí 126271 pín láìsí àṣẹ́kù kún àyẹ̀wò náà, gẹ́gẹ́ bí irú kọ̀mpáílà (ohun tó ń sọ kóòdù yín di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe) tí ẹ yàn, inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á rọ́ sí. Wíwá nǹkan kan níbẹ̀ á wá di kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ lo map lásán: ó lọ́ra díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi irú èyí mú un. Tí àkókò bá há jù fún map, ẹ fún unordered_map ní hash tiyín (òfin pípín nọ́ńbà sínú àpótí), kí ẹ fi aago kọ̀ǹpútà lú u pọ̀, kí ẹni tó fẹ́ hack má lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn nọ́ńbà yín kò ju 1,000,000 lọ, array lásán ti tó.